Ojú Kọ̀ǹpútà Tó Sọ Mí Di Pupa

Ọdún tí ìbòmú ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu gbogbo wa ni. Ọkùnrin kan ní Òkè-Àdó fẹ́ sin ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ó gbé fọ́tò olóògbé wá fún ọmọ mi obìnrin tó ń ya fọ́tò ní Agbowó, pé kó tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà, kó tẹ̀ ẹ́ jáde ní gàgàrà. Nígbà tó wá gbà á, ó figbe ta.

"Ta nìyí? Ìyá mi dúdú bíi kóró iṣin. Ẹ lọ fi eérú kùn wọ́n lójú!"

Ojú kọ̀ǹpútà ọmọ mi ló ti ṣókùnkùn. Ó rò pé fọ́tò ló dúdú, ló bá ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un ṣáá. Ọkùnrin náà ní bí kò bá dára di ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ìjọ àwọn ni yóò gbọ́.

La bá lọ ra ojú kọ̀ǹpútà tuntun ní Ṣàngó. Mo tẹ̀ lé e, torí aláró ni mí. Aláró kì í wo àwọ̀ aṣọ lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Ojúmọmọ la fi ń wò ó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tá a ti mọ̀. Mo ní kí wọ́n paná búlúù tí wọ́n tàn síbẹ̀, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn gbayawu. Ọmọ mi ya èmi fúnra mi, ó gbé fọ́tò mi sórí àwọn ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń na apá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Lórí èyí tó dán jù, mo pupa bí ẹni tó ń bóra.

"Màmá, ẹ ti di ọmọge!" ni ọlọ́jà wí. "Ẹ jẹ́ n wá ọkọ fún yín."

Ara mi kọ̀ ọ́ bí ẹni rí ìdin nínú ọbẹ̀. "Ọkọ tí yóò fẹ́ awọ ẹlòmíràn? Gbé e kúrò níwájú mi!"

Àfi bí ọmọ tí mo bí ṣe ń ṣí pọ́ọ̀sì. "Màmi, eléyìí mà dán o."

"Dígí ló ń dán. Ṣé dígí lọkùnrin yẹn fẹ́ sin ni?"

Èyí tó bá apá mi mu wà ní kọ̀rọ̀, eruku bò ó. Ọlọ́jà yínmú sí i. Mo pòṣé, a gbé e.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkùnrin náà wo fọ́tò tuntun, ó ṣí fìlà. "Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ló sọ fún fọ́tò náà, ó sì gbé e mọ́ àyà lọ.

Ṣùgbọ́n ìríra mi ò tán. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi: bí mo bá kú, ẹni tó bá sọ mí di pupa lórí fọ́tò, kó gbé obìnrin yẹn lọ sílé ara rẹ̀, kó wá orúkọ fún un. Èmi kọ́.