Káàdì Tí Mo Bá Àbúrò Mi Lù

Ohùn ẹ̀rọ agogo ẹnu géètì yẹn ò tíì kúrò létí mi dòní. Bí èèyàn bá ki káàdì rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á dún "gbà!", á sì tẹ wákàtí sí i lára; lílu káàdì là ń pè é. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ni, ní Ìkẹjà, láyé ológun. Èmi wà níbi tí wọ́n ti ń wé òwú, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ń gbé ìdì aṣọ sínú ọkọ̀. Mi ò mọ̀wé nígbà náà, mi ò sì mọ̀ ọ́n títí di ìsinsìnyí tí ọmọ ọmọ mi ń bá mi kọ èyí. Àmì ni mo fi ń dá káàdì mọ̀. Tèmi ya létí, ti àbúrò mi ní àbàwọ́n epo kan báyìí nísàlẹ̀.

Òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ẹnjiníà, òun ló ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó ní ìlú òun náà, ìlú ilé iṣẹ́ aṣọ ni, pé bí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá ti ṣíwọ́, rọ́gíbì ni wọ́n ń gbá, ẹni mẹ́tàlá lápá kan, ẹni mẹ́tàlá lápá kejì, ọwọ́ ni wọ́n sì ń fi gbé bọ́ọ̀lù sá. Ló bá kó àwọn agbẹ́rù tí ara wọn le jọ sí pápá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, ó ń kọ́ wọn. Bọ́ọ̀lù ọ̀hún gùn gbọọrọ, kò rí róbótó. Àwa obìnrin sọ ọ́ ní bọ́ọ̀lù ìbẹ́pẹ. Bí a bá jáde jẹun ọ̀sán, ẹnu tèmi ló máa ń ròkè jù lára wáyà tó yí pápá ká: "Ẹ fi ìbẹ́pẹ yẹn sílẹ̀ fún un jàre! Ẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí èso!" Mo rò pé eré àwọn tí orí wọn ò pé ni.

Àmọ́ àbúrò mi, bí ó bá ti há bọ́ọ̀lù yẹn sábíyá, ẹni mẹ́ta á rọ̀ mọ́ ọn, á sì máa wọ́ wọn lọ bí ẹni ń wọ́ ìdì aṣọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣa àwọn tí yóò gbá a fún orílẹ̀-èdè wa, tí wọ́n máa bá ará ìlú mìíràn gbá a, wọ́n mú un. Ti àkọ́kọ́, Èkó níbí ni, mo sì lọ wò ó. Mo rí géńdé kan tó dùbúlẹ̀ lé e lórí. Mo ti bọ́ bàtà, mo ti ń wọ pápá lọ láti gbà á sílẹ̀, kí ẹnì kan tó fà mí níró: "Àǹtí, bí wọ́n ṣe ń gbá a nìyẹn o!" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

Ìgbà yẹn ni Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ń jà. Òwú ò wọlé mọ́, ẹ̀rọ ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ ní Agége ti dá a dúró. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n máa ń lẹ orúkọ àwọn tó máa lọ mọ́ géètì, a sì gbọ́ pé ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ. Nítorí náà, ẹni tó bá pẹ́, ará ilé rẹ̀ á bá a lu káàdì. Gbogbo wa là ń ṣe é. Èmi náà ti bá àbúrò mi lù ú láìmọye ìgbà, kò sẹ́ni tó pè é lólè jíjà.

Wọ́n wá ní kí wọ́n lọ bá àwọn ará Gánà gbá a nílé wọn. Kó tó lọ, ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ.

"Àǹtí, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Òyìnbó ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì. Ẹ má fọwọ́ kan káàdì mi o."

"Mo ti gbọ́. Máa lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹ."

Ọjọ́ kẹta pé, n kò rí i. Òjò ló sọ pápá wọn di ẹrẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sún eré sí ọjọ́ kẹrin. Òyìnbó ti gbọ́, ó sì ti bá a gba àyè sí i, ṣùgbọ́n ta ni yóò wá sọ fún obìnrin tó ń wé òwú? Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, káàdì alábàwọ́n epo yẹn nìkan ló kù lára pátákó. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa lẹ orúkọ ni. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ki káàdì náà bọ ẹnu agogo. "Gbà!" Nígbà tí a ṣíwọ́, mo tún lù ú. Mo ń rìn lọ sílé, mo ń yọ̀ pé orí mi pé.

Wọ́n borí ní Gánà. Àwòrán àbúrò mi jáde nínú ìwé ìròyìn, ìbẹ́pẹ lábíyá, ẹrẹ̀ dé irùngbọ̀n. Òyìnbó fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n gbá a sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló gbé ìwé ìròyìn àti káàdì síra. Ó mú àbúrò mi wá sáàárín wa, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ.

"Ṣé èèyàn méjì ni ẹ́ ni? Ìwọ lo wà ní Gánà, ìwọ náà lò ń gbẹ́rù níbí?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Dárúkọ ẹni tó bá ẹ lù ú. Òun á lọ, ìwọ á dúró."

Àbúrò mi wo gbogbo wa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, ó kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

"Ọ̀gá, èmi ni mo ní kí wọ́n bá mi lù ú."

"Ta lo ní kó lù ú?"

"Mo ti gbàgbé, sà."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo búra pé mo fẹ́ sọ ọ́. Òwú kan já lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń so ó. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, wọ́n ti mú un jáde.

Òyìnbó jà fún un títí, ọ̀gá kò gbà. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n mú àbúrò mi lọ, níbi tí èèyàn ti ń fi rọ́gíbì jẹun. Ìwé ẹ̀rí ìwà rere láti ibi iṣẹ́ ló kù. Ohun tí ibi iṣẹ́ kọ fún un ni pé ó fi èrú lu káàdì. Àwọn tó ń ṣa ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè náà ò wá a mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbá a fún Nàìjíríà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lé e, ó wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Mo la ẹnu, ó dá mi dúró. "Àǹtí, ọmọ mẹ́rin lẹ bí, bọ̀dá ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ nǹkan míì." Ó jẹ díẹ̀ sí i. "Mo ṣáà ní kí ẹ má lù ú."

Kò tún sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó lọ ń lẹ táyà ní Ọgbà, ó ń fi apá tó fi ń wọ́ ẹni mẹ́ta gbé táyà tírélà. Ó ti darúgbó báyìí, èjìká ń dùn ún. Nígbà Iléyá tó kọjá, ọmọbìnrin rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Màmá, ṣé òótọ́ ni pé bàbá mi jalè níbi iṣẹ́? Ohun tí àwọn ará ilé ìyá mi ń sọ nìyẹn." Mo ní irọ́ ni. Ó ń wò mí lójú, ó ń retí kí n sọ ìyókù. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń pa iná tó wà lábẹ́ ìkòkò.

Ìgbà tí mo délé ni mo mọ̀ pé mo tún so òwú lọ́jọ́ náà.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́. Ọmọ yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ kà á fún, kí bàbá rẹ̀ jókòó níbẹ̀. Kò jalè. Ó ní kí n má lù ú, èmi ni mo lù ú, èmi ni mo sì dákẹ́. Ọmọ ọmọ mi ní kí n wá sọ bí òun yóò ṣe kọ orúkọ mi sísàlẹ̀. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, kó bá mi wá tàdáwà. Àtàǹpàkò tí mo fi ti káàdì yẹn bọ ẹnu agogo, òun náà ni mo tẹ̀ síbí.