Kànrìnkàn Tó Dé Òkè Òkun

Ẹ̀gbọ́n màmá mi tí wọ́n ń gbé ní Iléṣà kì í rìnrìn àjò láì mú kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú dání. Wọ́n á ní, "Omi tí kò bá ọṣẹ pàdé, òjò ni."

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi tí èmi àti wọn jọ wọ̀ gúnlẹ̀ sí ìlú olótùútù kan lókè òkun, a lọ wẹ̀ níbi tí omi gbígbóná ti ń sun látinú ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gbà kí wọ́n mú ọṣẹ wọlé, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí kànrìnkàn jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi yíjú sí ìyá àgbà òyìnbó kan nínú omi. "Ta ní ń bá ẹ ha ẹ̀yìn nílé?" Wọn ò dúró gbèsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kànrìnkàn ha á lẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ sáré dé. 

Ìyá òyìnbó juwọ́ sí i pé kó máa lọ, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ kejì sí ẹ̀gbọ́n màmá mi.