Fídíò Ọkọ̀ Òfúrufú Tí A Gbé Lọ sí Akpassi

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí a di tẹlifíṣọ̀n mi sẹ́yìn ọkọ̀ Pijó ní Ṣakí. Aṣọ ìbora ìyàwó mi ni mo fi wé e, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí aṣọ náà bá ya, kí n wá ibòmíràn sùn sí. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo ń tún ṣe. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í rìn jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí mo fẹ́ràn oorun, n kò sì fẹ́ràn eruku. Rafaẹ́lì ló bẹ̀ mí. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló bí i, obìnrin náà lọ́kọ sí ìhà Bantè ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì kú sí.

Awakọ̀ òfúrufú ni Rafaẹ́lì, pílọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Nígbà tí à ń wí yìí, ọdún ẹgbẹ̀rún méjì kò tíì dé, kàsẹ́ẹ̀tì fídíò ló sì wà lóde. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé e láti ìgbà tí wọn kò tíì wọ ọkọ̀ títí wọ́n fi balẹ̀. Rafaẹ́lì wá fi pákó kan ìjókòó bíi ti inú ọkọ̀ wọn, ó kun bọ́tìnnì sí i lára, ó sì so bẹ́líìtì ọkọ̀ àlòkù mọ́ ọn. Bí ó bá ti gba ìsinmi, á máa gbé e kiri ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ á jókòó síbẹ̀, wọn á sún tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn títí kò fi ní rí nǹkan mìíràn mọ́ ju òfúrufú lọ.

Ó ní, "Bọ̀dá, lókè òkun, wọ́n ti ń ṣe ohun kan tí wọ́n ń dé bojú. Bí ẹ bá yí orí, ayé tó wà nínú rẹ̀ á bá yín yí. Pákó lèmi ní."

Ọ̀nà Òkèrètè ni a gbà. Ní Kílíbò, àwọn aṣọ́bodè fẹ́ mọ ohun tó wà nínú aṣọ ìbora. Rafaẹ́lì fi Faransé bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí a máa lọ. Mo bi í léèrè ohun tó sọ. Ó ní òun sọ fún wọn pé ìyàwó mi ló dì í, àti pé nínú àwa méjèèjì, kò sí ẹni tó láyà láti tú u.

A gba Ṣábẹ kọjá lẹ́bàá àwọn òkè rẹ̀, a gba Ìdáàṣà, oòrùn sì ti mú nígbà tí a dé Savalou. Èdè Mahi ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n "kúàbọ̀" ni obìnrin olóúnjẹ fi kí mi, inú mi sì dùn bí ẹni tó bá ẹbí rẹ̀ pàdé lọ́jà. Agù ni wọ́n ń pe iyán. Igba owó sẹ́fà ni awo kan, ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n sì bù sí i, kì í ṣe ẹ̀fọ́ tàbí ẹ̀gúsí bíi tiwa. Mo fajú ro díẹ̀ kí n tó tọ́ ọ wò. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò tán, mo ní kí ó tún bu òmíràn wá. Iṣu Savalou kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ẹnu lásán sọ.

Ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, èmi ni mo di kàsẹ́ẹ̀tì mú. Rafaẹ́lì ti kọ́ mi pé kí n máa yí i fo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí òun ti ń rìn yí ọkọ̀ ká lórí ilẹ̀, nítorí àwọn ọmọ kì í ní sùúrù fún ìyẹn. Ibi tí ọkọ̀ ti ń sáré kó tó gbéra ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ já sílẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, ọmọbìnrin tó wà lórí pákó di apá ìjókòó mú, kò sì fẹ́ dìde mọ́. Olùkọ́ wọn, tí irun ti ń funfun lórí rẹ̀, dúró sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Inú ọkọ̀ tó ń lọ sí Bantè ni Rafaẹ́lì ti wá sọ ìdí tó fi mú mi dání. Èmi rò pé nítorí tẹlifíṣọ̀n mi ni.

Ó ní, "Nítorí Bàbá mi ni. Bàbá kò kí mi rí."

Mo ní, "Àbí kí lo wí? Bàbá tó ń pa adìyẹ nígbàkúùgbà tí o bá délé?"

"Wọ́n ń kí mi káàbọ̀. Wọn kò kí iṣẹ́ mi rí."

Ó yé mi. Ta ni Yorùbá tí kò ní yé? Bí a bá dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, a ní àroko bọ́dún dé. Bí a bá rí ọlọ́kọ̀ ojú omi, a ní ọkọ̀ á refó. Bàbá Rafaẹ́lì fúnra rẹ̀, akọpẹ ni, ó ń gun ọ̀pẹ láti bẹ́ ẹyìn, ẹni tó bá sì pàdé rẹ̀ pẹ̀lú igbà, okùn tí wọ́n fi ń gùn ún, léjìká á ní, "Igbà á rọ̀ o." Kíkí náà ni àdúrà. Bàbá sì ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé iṣẹ́ tí òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí i, òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún un, òun kò sì ní purọ́. Kò fẹ́ wo fídíò náà pẹ̀lú. Ó ní òun kò fẹ́ rí ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ òun kò ti kan ilẹ̀.

Rafaẹ́lì ní, "Mò ń lọ kọ́ ọkọ̀ tó tóbi ju èyí lọ, ó máa pẹ́ kí n tó padà. N kò fẹ́ lọ báyìí. Àna wọn lẹ jẹ́. Wọn kò lè kọ ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu."

Inú bí mi díẹ̀ pé ó gbé mi wá bí ẹni gbé àdá wá sóko. Àánú rẹ̀ sì tún ṣe mí ju inú tó bí mi lọ.

Láti Bantè, sémijàn ni a gùn, ìyẹn ọ̀kadà tiwa. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni "gbé mi kíá." Mo gbá tẹlifíṣọ̀n mọ́ra láàárín oko kajú, Rafaẹ́lì gbé ìjókòó pákó àti ẹ̀rọ fídíò sórí òmíràn, eruku pupa ń wọ imú mi.

Ọlọ́kadà ní, "Ẹ dì í mú dáadáa, Bàbá, ihò ń bọ̀." Èmi, bàbá. Mo dì í mú.

Ní Akpassi, bàbá tínínrín kan tí apá rẹ̀ kún fún ojú àpá jáde sí wa. Bó ti rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi bí àna rẹ̀. Èmi tí ó bí irú mi lọ́mọ náà dọ̀bálẹ̀, àwa méjèèjì sì wà nílẹ̀ títí Rafaẹ́lì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èdè wọn ní ọ̀nà tirẹ̀, bí a bá sì rọra fetí sí i, a ó gbọ́ ọ.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀."

Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ẹrù orí mi. "Ẹ̀bẹ̀ kọ́, àna mi. Ẹ wí i, ó di ṣíṣe."

Mo ní kí ó wá wo fídíò iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, a gbé tẹlifíṣọ̀n sábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ará àdúgbò sì pé jọ. Bàbá kọ ìjókòó pákó, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí a yá ní àdúgbò ń wúkọ́, ọwọ́ mi méjèèjì sì wà lára rẹ̀, mo bá gbàgbé láti yí kàsẹ́ẹ̀tì. Orí ilẹ̀ ni fídíò ti bẹ̀rẹ̀.

Rafaẹ́lì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Bọ̀dá, ẹ yí i síwájú." Mo na ọwọ́.

Bàbá ní, "Ẹ fi sílẹ̀, àna mi."

Nínú fídíò, Rafaẹ́lì ń yí ọkọ̀ ká. Ó fọwọ́ ra táyà, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìyẹ́, ó yọjú sí inú ẹ́ńjìnnì. Ó wọlé, ó jókòó, ó de bẹ́líìtì, ó sì fà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Mo dá a padà. Ó tún ní kí n dá a padà.

Ó wá bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé, "Ojoojúmọ́ lo ń yí i ká báyìí?"

"Kò sí ìgbà tí a óò gbéra tí n kò ní yí i ká, Bàbá."

"Bí o bá ti wò ó lánàá ńkọ́?"

"Ti àná kì í ṣe ti òní."

Bàbá dìde, ó lọ jókòó sórí pákó, ó de bẹ́líìtì, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tú u. Nígbà tí ìkúùkuu dé ojú tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ènìyàn ń pariwo, ó ti wọlé lọ. Rafaẹ́lì wò mí, ojú rẹ̀ ti fà ro. Ó dùn mí dé ọkàn. Mo rò pé a ti rin ìrìn asán.

Ní òwúrọ̀, a ti di ẹrù tán nígbà tí Bàbá mú igbà rẹ̀ lára ògiri láti lọ sí oko. Ó fi ọwọ́ ra okùn náà láti ìdí dé orí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì fà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà náà ni mo tó rí ohun tó ti rí lálẹ́ àná. Rafaẹ́lì dọ̀bálẹ̀ fún un bí ó ti máa ń ṣe.

"Bàbá, igbà á rọ̀ o."

"Àṣẹ." Ó gbé okùn kọ́ èjìká, ó rìn díẹ̀, ó sì dúró. "Rafaẹ́lì, ìwọ náà, igbà á rọ̀ o."

Rafaẹ́lì kò dìde bọ̀rọ̀. Iyanrìn wà ní iwájú orí rẹ̀ títí a fi dé Bantè, n kò sì sọ fún un.

Mo padà dé Ṣakí láìya aṣọ ìbora. Àwọn oníbàárà mi béèrè ohun tí mo rí lọ́hùn-ún, mo sọ ti agù, mo sọ ti eruku. Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo rò ni pé bí baba bá kọ̀ láti kí ọmọ rẹ̀, ìfẹ́ ló dín kù. Mo ti wá mọ̀ pé ẹlòmíràn wà tí ń wá ibi tí yóò ti di àdúrà mú kó má bàa já. Bí ọkọ̀ òfúrufú bá kọjá lókè ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, mo máa ń sọ irin iṣẹ́ kalẹ̀, màá gbójú sókè, màá ní, "Igbà á rọ̀ o."

Ìyàwó mi bi mí léèrè lọ́jọ́ kan pé ta ni mò ń kí.

Mo ní, "Ọmọ Bàbá akọpẹ ni."