Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń ṣọ́ ará ilé rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé mi gan-an ni ọkọ̀ bàbá kan tí a jọ ń gbé ilé máa ń sùn. Bí mo fẹ́, bí mo kọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ láràárọ̀. Yóò jókòó sínú rẹ̀, yóò ṣáná sí i, yóò wá fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tó wá wo aláìsàn, títí ife tíì tí mo gbé kalẹ̀ yóò fi tutù.

Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ojú ewé pọ̀, ọkọ a wá lẹ èèpo ìwé mọ́ ọn. Ibi iṣẹ́ kan náà, ọkọ̀ kan náà. Ìyá yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń yára. Bó bá rí bàtà, kò ní rí awò ojú. Bó bá rí awò ojú, yóò rántí pé òun ò tíì pa sítóòfù. Yóò wá ké láti inú yàrá pé, “Ṣé ó ti gbóná?” Ọkọ á dáhùn pé, “Ó kù díẹ̀.” Ẹ́ńjìnì á ti gbóná tipẹ́tipẹ́, ó kù díẹ̀ náà ni. Mi ò gbọ́ ọ rí kó ní ó ti gbóná. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi sọ ọ́ ní Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀, òun náà a sì máa jẹ́ ẹ.

Ìyá kú lọ́dún tó kọjá. Bàbá ò jẹ́ kí wọ́n gbé àga ìyàwó rẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́, kò sì yí ìṣe àárọ̀ padà. Á ṣáná, á kọjú sí ilẹ̀kùn ilé, á máa wò ó. Ó ń dùn mí láti rí i bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì sọ fún un lójú mi pé àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí ò nílò ìdúró, pé kó kàn máa lọ, kó rọra wà á títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná. Ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún jókòó. Mo ní olórí kunkun ni.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè ló wá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ló máa ń ṣe, àárọ̀ ló ń sùn, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ló sì kọjú sí fèrèsé rẹ̀. Èéfín ò jẹ́ kó sùn, ikọ́ ò jẹ́ kó sinmi. Ó ti bẹ̀ ẹ́ títí. Lọ́jọ́ kan, ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ojú tó ti pọ́n.

“Bàbá, wọ́n ti ní ọkọ̀ yìí ò nílò ìdúró. Kí wá lẹ ń dúró dè?”

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá wo ilẹ̀kùn, ó wò ó pẹ́.

“Ìyàwó mi ni. Ó máa ń pẹ́ kó tó jáde. Mi ò fẹ́ kó máa sáré.”

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kí bàbá máà bínú, pé òun á máa ti fèrèsé. Bàbá ní rárá, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn kò gbọdọ̀ máa fa èéfín símú nítorí tòun. Ó pa ọkọ̀ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo ṣí géètì. Bàbá wọlé sínú ọkọ̀, ó ṣáná, ó sì rọra gbéra lójú ẹsẹ̀. Ó dé ẹnu géètì, ó tẹ bíréèkì, ó yí gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ wálẹ̀. Mo rò pé èmi ló fẹ́ kí. Ilé ló kọjú sí.

“Ó ti gbóná,” ló wí, ó gbóhùn sókè díẹ̀ kí ẹni tó wà ní yàrá lè gbọ́.

Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kí mi, ó sì wakọ̀ jáde, òun nìkan.