Ìwé Tí Bàbá Ká Sápò

Òórùn káfúrà ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ọ́fíìsì wa nísàlẹ̀ òkè Mápó, kí òórùn ìwé àtijọ́ tó tẹ̀lé e. Bí o bá jókòó sídìí fèrèsé, wàá máa wo òrùlé páànù tó ti dípẹtà láti Bẹẹrẹ títí dé apá Ọjà'ba. Ìwé ilé àti ilẹ̀ ni a ń tọ́jú síbẹ̀. Nínú àwọn ọdún 1990 ni mò ń wí. Èmi ni mo ń mójú tó kọ̀ǹpútà. Ó ti pẹ́ tí mo ti jáde ní yunifásítì, ṣùgbọ́n n kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé mo lọ.

Bàbá kan ló ń tọ́jú yàrá ìwé, ọmọ agboolé àtijọ́ kan ní Àrẹ̀mọ. Bó bá ti kírun àsùbá tán, ọ́fíìsì ló ń gbà lọ. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń tan kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò sì ju ìwé kankan nù rí, bó ti wù kó ya tó. Ọ̀gá Yunifásítì ló ń pè mí. Lọ́sàn-án, á bu gúgúrú àti ẹ̀pà sórí tábìlì mi, á ní, "Jẹun, kí ọpọlọ yẹn má baà gbẹ." Oṣù mẹ́rin péré ló kù kó fẹ̀yìn tì.

Ní Sátidé kan, mo dá wá sí ọ́fíìsì láti pààrọ̀ ètò inú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo ìwé wà nínú rẹ̀, tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ẹ̀dà tuntun sí i, mo sì da fáìlì àṣẹ ti àtijọ́ lé e lórí. Fáìlì yẹn ló ń sọ fún sáfà bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Èmi ni mo kọ ọ́, ó lé ní igba ìlà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bí àkọ́bí. Iná lọ kí n tó dán an wò. Mo tilẹ̀kùn, mo lọ sílé.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀ Mọ́ńdè, sáfà ò dìde. Ohun tó kọ sójú rẹ̀ ni pé òun rí àwọn àṣẹ kan tí òun kò mọ̀, òun kò sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò dárúkọ wọn. Orí pépà ló máa ń to irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí, pépà oníhò tó ń lò sì ti tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò sí òmíràn nílẹ̀. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ara ti kan mí, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ mọ́." Ó wò mí, ó padà sí yàrá rẹ̀.

Àṣẹ tí kò mọ̀ kẹ̀? Nínú fáìlì tèmi? Ó dá mi lójú pé ẹnìkan ló ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mò ń yọ ìlà kọ̀ọ̀kan, mò ń tan ẹ̀rọ, mò ń dúró dè é, ó ń kọ̀, mo tún ń dá ìlà náà padà. Àwọn tó wá gba ìwé ilé wọn jókòó rẹrẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi páálí fẹ́ ara wọn, wọ́n ń wò mí. Ní Túsìdeè, obìnrin tó ń bá wa tẹ lẹ́tà pè mí sídìí àtẹ̀gùn. Ó ní láàárọ̀ Mọ́ńdè, òun rí Bàbá tó fa pépà kan yọ nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó ká a sápò. Ó ní, "Àbí ẹ ti gbàgbé pé ẹ̀rọ yìí ló fẹ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ wọn?"

Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí bàbá náà ń ṣe ló bá ìfura mi mu. Kí ló dé tó fi ń tètè dé? Kí ló dé tó fi ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta? Gúgúrú tó bù fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, n kò fẹnu kàn án. Mò ń bi ara mi pé kí ló ń fi bẹ̀ mí. Ní Wẹ́sídeè, mo lọ sọ fún ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá ní kí wọ́n tẹ kúẹ́rì fún Bàbá, ìwé pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Kúẹ́rì fún ẹni tó ku oṣù mẹ́rin! Mo mọ ohun tó lè ṣe sí ìfẹ̀yìntì rẹ̀, síbẹ̀ èmi náà ni mo lọ pè é wá gbà á.

Mo bá a nínú òórùn káfúrà yàrá rẹ̀, ó ń fi okùn di fáìlì. Mo ní wọ́n rí i tó mú pépà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kò ta gìrì. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú fáìlì kan jáde tó ti kọ ọjọ́ àti aago sí lára. Pépà náà wà nínú rẹ̀, ó nà án tónítóní.

"Ẹ̀rọ yẹn kọ ọ́ bí mo ti tàn án. Mo ní kí n fún ọ, o ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Kí ló dé tí ẹ fi wo ọ̀tún, tí ẹ wo òsì?"

"Mò ń wò bóyá o ti dé ni."

Orúkọ àṣẹ méje ló wà níbẹ̀, èmi ni mo sì kọ méjèèje lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn. Ẹ̀dà àtijọ́ mọ̀ wọ́n. Ẹ̀dà tuntun ti pa wọ́n tì. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó bá a wá, èyí tí n kò ṣí, nítorí èmi ni Ọ̀gá Yunifásítì. Bàbá kò jẹ́ kí pépà náà jáde ní yàrá rẹ̀, ìdúró ni mo wà tí mo fi dà á kọ. Mo yọ ìlà méje kúrò, sáfà dìde. Mo lọ sọ fún ọ̀gá pé èmi ni mo jẹ̀bi, ó fa kúẹ́rì náà ya. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà tí kò ní ta sí gbogbo ọ́fíìsì létí? Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó ti gbọ́ pé èmi ni mo lọ fẹjọ́ òun sùn.

"Kò sí wàhálà, sà. Ẹ dìde."

Sà ló ń pè mí títí ó fi lọ. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ó ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni tó ń kí àjèjì. Kò bu gúgúrú sórí tábìlì mi mọ́. Àwọn kan ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé mo ti di ẹni ńlá. N kò rí ẹni tó fi ọ̀wọ̀ jẹ mí níyà tó bẹ́ẹ̀ rí. Sáfà, bí kò bá mọ nǹkan, á kọ ọ́ sílẹ̀, ènìyàn á sì tún un ṣe.

Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó fa kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa àpò bùbá rẹ̀ méjèèjì síta, funfun báláú, ó ní, "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, sà." Mo ti gbàgbé orúkọ àṣẹ méje náà. Àpò méjì yẹn ni n kò gbàgbé.