Ẹ Gbé Ọmọ Mi Pọ̀n Mí

Ìṣó kan ló gún mi lẹ́sẹ̀ nídìí kànga. Kò pẹ́, ẹnu mi pa dé, n kò lè là á, ẹ̀yìn mi le gan-an, wọ́n sáré gbé mi lọ sí ọsibítù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lu ihò sí mi lọ́fun kí n lè mí. Nígbà tí mo fi padà sí agboolé wa ní Bẹ́yẹrunkà, ọmọ tí mo fi sílẹ̀ lẹ́nu ọmú ti ń rá. Bí mo bá nawọ́ sí i, á figbe ta, á rá lọ bá ìyá ọkọ mi.

Nọ́ọ̀sì kan wá wò mí nílé. Ó ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kó máa ṣe nǹkan fúnra ẹ̀.” Ìyá ọkọ mi kí i dáadáa, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá gba síbí lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń wẹ̀ mí, wọ́n ń fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu. Wọ́n fẹ́ràn mi o, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àánú yẹn fẹ́ẹ̀ pa mí ju ìṣó lọ.

Mo ní kí wọ́n gbé ọmọ mi pọ̀n mí.

Ìyá ọkọ mi ní, “Ìyàwó, apá tí ò lè gbé ife omi? O fẹ́ gbé ọmọ ọlọ́mọ ṣubú?”

Ọmọ ọlọ́mọ! Ọmọ tí èmi bí!

Mo wá àpò èlùbọ́ kékeré kan. Bí wọ́n bá ti lọ sí Ọjà'ba, màá fi ọ̀já dè é mẹ́yìn, màá fara ti ògiri, màá máa rìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi àti èlùbọ́ la jọ ṣubú. Mo kó o, mo tún un pọ̀n. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ranlẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ mi ń gbá a nídìí pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ láìmọ̀. Bí ìyàwó àbúrò ọkọ mi ṣe ká mi mọ́ ọn nìyẹn.

“Yéè! Ẹ gbà wá o! Ó ń rẹ èlùbọ́ lẹ́kún!”

Mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé mo rí èèrà tó ń rọ̀ láti òkè àjà ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní ojú àìsàn ni, pé yóò lọ. Wọn ò gbọ́. Orí mi ti dàrú nìyẹn lójú wọn. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá ọkọ mi ti gbé ọmọ mi lọ sílé àwọn ẹbí rẹ̀ ní Kúdẹtì. Ọkọ mi ní ìyá òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ó dáa. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo pọn èlùbọ́ mi, mo gba ìsàlẹ̀ Mápó. Mo ń jókòó síwájú ilé onílé, mo ń sinmi. Obìnrin kan ní, “Kí lẹ pọ̀n yẹn?” Mo ní, “Èlùbọ́ ni. Mo ń lọ pààrọ̀ ẹ̀.”

Mo bá ìyá ọkọ mi lágbàlá ní Kúdẹtì, ọmọ mi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo tú ọ̀já, mo gbé àpò síwájú rẹ̀.

“Ìyá, ẹ gbé e wò. Ó wúwo ju ọmọ mi lọ.”

Ó gbé e. Mo kúnlẹ̀, mo kẹ́yìn sí i.

“Ẹ gbé ọmọ mi pọ̀n mí.”

“Bó o bá ṣubú ńkọ́?”

“Ẹ ó gbé àwa méjèèjì.”

Ó gbé e pọ̀n mí. Ọmọ ń ké, ó ń fa gèlè mi, títí a fi dé ìsàlẹ̀ Mápó. Ìyá ọkọ mi ń tẹ̀ lé mi, ó tẹ́wọ́ sábẹ́ ìdí ọmọ. Mo ní, “Ìyá, ẹ sọwọ́ yín kalẹ̀.” Ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Nígbà tá a dé Bẹ́yẹrunkà, ọmọ mi ti sùn lẹ́yìn mi. Ìyá ọkọ mi ló ru èlùbọ́ bọ̀.