Ọjọ́ Tí Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Yá Ẹnu Mi

Àkànjí, ọkọ mi, ọmọ onílé odò. Ọmọ omi-mọ́-títí-dé-orí-iyanrìn. Ọmọ a-figbá-funfun-bomi-fálejò. Ọmọ a-kì-í-fọ-ìkòkò-dúdú-lójú-ìsun, ẹni tó bá fọ ìkòkò dúdú lójú ìsun wa, ọmọ rẹ̀ ni yóò mu ún. Ọmọ òjò-rọ̀-ìsun-ò-dàrú. Àkànjí, ẹ káàárọ̀ o.

Bí mo ṣe máa ń kí i láràárọ̀ nìyẹn, kí n tó dáná, láti ìgbà tí wọ́n ti mú mi wá bá a ní Abidjan níbí. Ẹ ó rí i pé n kò pe orúkọ rẹ̀; oríkì ni Àkànjí. Orúkọ gbogbo ará ilé ọkọ mi wà lórí mi, ti òkú àti ti alààyè, n kò gbàgbé ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ìkókó tí wọ́n bí kí ó tó wọlé. Oríkì tàbí orúkọ tí èmi fúnra mi sọ wọ́n ni mo fi ń pè wọ́n, òun náà ni mo máa fi kọ ọ́ síbí. Ìwé tí mo kà kò ju èyí tí wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn lọ. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń yà sọ́tùn-ún, tó ń yà sósì, ẹ bá mi fọwọ́ mú un.

Attécoubé là ń gbé, lórí òkè tó kọjú sí ọ̀sà. Àgbá ni Àkànjí ń tà, àgbá irin tó ti gbé epo wá sí èbúté, tí àwọn ará ibí ń pè ní bàríkì. Òfìfo ló máa ń rà á. Òun àti àwọn ọmọkùnrin kan láti ìlú wa á da iyanrìn àti ọṣẹ líle sí i, wọ́n á máa yí i gbirigbiri títí inú rẹ̀ á fi dán, àwọn obìnrin á wá rà á láti fi tọ́jú omi. Ilé wo ló wà lórí òkè wa nígbà náà tí kò ní àgbá Àkànjí lẹ́nu ọ̀nà? Ìsun kan wà nísàlẹ̀ òkè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Omi ìsun náà á gbé epo, á tàn án ká ojú ọ̀nà kó tó ṣàn wọ ọ̀sà. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé-ìwé.

Èmi ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀, alóko bí wọ́n ṣe ń pè é, lẹ́nu géètì ilé-ìwé, nítorí náà mò ń rí wọn. Wọ́n á dé, bàtà á ti dúdú, ìbọ̀sẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Tíṣà á ní kí àwọn kan padà lọ wẹ̀. Àwọn ọmọ òdìkejì òkè á máa pè wọ́n ní ọmọ bàríkì. Ọmọ tèmi wà nínú wọn. Ọjọ́ kan ló délé, ó ju àpò ìwé sílẹ̀, ó ní òun ò lọ mọ́. Bàbá rẹ̀ ní, "Kí ló dé?" Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ dúdú náà sílẹ̀. Èmi kó o lọ fọ̀. Kí ni mo fẹ́ wí? Àgbá ló ra ìbọ̀sẹ̀.

Òmìnira ilẹ̀ yìí kò tíì pẹ́ nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìdìbò wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, àwa náà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa sì fẹ́ yan alága tuntun. Ẹni méjì ló jáde: Àkànjí, àti Baba Aláṣọ, tó ń ta áńkárá ní ọjà Adjamé, ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ. Àwa kì í lo bébà. Àwọn tó jáde á dúró ní gbangba, olúkúlùkù á lọ tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú, wọ́n á kà wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í tò, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Lọ́dún yẹn, wọ́n ní àwọn máa sọ̀rọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kó wọn jọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, ọmọbìnrin gíga kan tó ń kàwé ní Bingerville, tó ń wálé bí ọ̀sẹ̀ bá parí. Ó lọ kúnlẹ̀ fún Baba Àgbà, ẹni tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan máa ṣe sí omi, ààtàn àti igi àdúgbò, kí wọ́n tó yan ẹnikẹ́ni.

"Ta ló máa bèèrè?" ni Baba Àgbà wí.

"Àwa ni, Baba."

"Ẹ̀yin? Kí ọmọ àná dìde nínú àwùjọ, kó nàka sí baba rẹ̀, kó ní kó dá òun lóhùn? Lédè Faransé pàápàá? Rárá o. Ẹ lọ yá ẹnu àgbà kan. Ẹnu tẹ́ ẹ bá yá, òun la máa dá lóhùn."

Bí wọ́n ṣe wọ́ tọ̀ mí wá nídìí iná nìyẹn. "Tàǹtí, ẹnu yín la fẹ́ yá."

Mo ní, "Ẹ ra alóko ná."

Wọ́n rà á. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá, mò ń ṣa ọ̀rọ̀ jáde nínú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ kí n bèèrè: igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé tí àwọn kan fẹ́ gé kọ́ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, ààtàn tó ń rú èéfín sí wọn ní kíláàsì, àti omi epo ojú ọ̀nà.

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ mọ ẹni tó ni àgbá?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "A mọ̀ ọ́n, Tàǹtí. Ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀yin nìyẹn. Bí ẹlòmíràn bá bèèrè, wọ́n á ní ọ̀tá rẹ̀ ló rán an."

Oorun ò kùn mí lọ́jọ́ náà. Bí Àkànjí bá kúrò nídìí ìsun, níbo ló ti máa rí omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Kí la ó jẹ? Bí kò bá sì kúrò, ọmọ mi ò ní padà sílé-ìwé, ìyẹn náà á sì di ẹni tó ń yí àgbá. Ohun tó tún le jù ni pé ìyàwó kì í dójú ti ọkọ lójú ayé. N kò sọ nǹkan kan fún un. Kí ni mo fẹ́ bá a sọ tí kò ní dà bíi pé mò ń bẹ̀ ẹ́ kó mú ìdáhùn sílẹ̀ dè mí?

Lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè, gbogbo wa pé sábẹ́ igi máńgòrò. Àga méjì wà níwájú. Baba Aláṣọ ni mo kọ́kọ́ kọjú sí.

"Baba, àwọn ọmọ ní, ṣé wọ́n máa gé igi yìí?"

"Ta ló máa gé e? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Igi yìí kò lọ síbì kankan."

"Gbọ̀ngàn ńkọ́, Baba?"

"Ibí yìí gan-an la máa kọ́ ọ sí."

Ìyá kan tó ń ta iṣu pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Igi á wá wà ní pálọ̀!" Gbogbo àwùjọ bú sẹ́rìn-ín. Baba Aláṣọ náà rẹ́rìn-ín, kò tiẹ̀ bínú.

"Ààtàn ńkọ́?"

"A ó kó o kúrò."

"Lọ sí ibo?"

"Lọ síbi tí wọ́n ń kó ààtàn sí."

"Baba, ibẹ̀ náà ló wà báyìí."

Ẹ̀rín tún sọ. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní omi epo, òun máa gbẹ́ gọ́tà ńlá fún un, òun máa to òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó wá kan Àkànjí. Mo kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ líle kì í ti ẹnu ìyàwó jáde lásán, oríkì ni wọ́n fi ń ṣí i. Mo bẹ̀rẹ̀: Àkànjí, ọkọ mi, ọmọ onílé odò. Ọmọ omi-mọ́-títí-dé-orí-iyanrìn. Mo rí i tí orí rẹ̀ wú, tó gbé àyà sókè lórí àga. Mo ń bá a lọ bí mo ṣe ń kà á láràárọ̀, láìronú, bí ẹni ń ka àdúrà Olúwa. Ọmọ a-kì-í-fọ-ìkòkò-dúdú-lójú-ìsun.

Ibẹ̀ ni gbogbo ojú ti yí sí ìsàlẹ̀ òkè, síbi ìsun. Ẹnìkan wúkọ́. Èmi fúnra mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí mò ń wí ni. Láti ọdún tí mo ti ń ki ọkùnrin yìí, láràárọ̀ kó tó wọ aṣọ iṣẹ́ lọ yí àgbá, a ò gbọ́ ọ rí, àwa méjèèjì.

Àkànjí wò mí. "Ìyàwó, tún un kà."

Mo tún un kà. Ẹni tó bá fọ ìkòkò dúdú lójú ìsun wa, ọmọ rẹ̀ ni yóò mu ún.

"Ó tó," ló wí. "Kí ni àwọn ọmọ fẹ́ bi mí?"

"Baba ọmọ mi, mo rò pé mo ti bi yín."

Ó dìde. Ó ní, "Ẹ gbọ́. Ti igi àti ti ààtàn, ẹ jẹ́ ká jọ ronú sí i, mi ò mọ̀ ọ́n. Ti àgbá, tèmi ni. Mi ò tíì mọ ibi tí mo máa kó o lọ, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mi ò ní fọ àgbá nísun yẹn mọ́. Ẹ yàn mí o, ẹ ò yàn mí o."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n, àwa ńkọ́? Ṣé oríkì la máa jẹ?"

"Ibi tí mo bá ń jẹ, o máa jẹ níbẹ̀. Jókòó."

Wọ́n ní kí àwùjọ tò. Gbogbo ẹni tó ní àgbá lẹ́nu ọ̀nà ló bẹ̀rù pé ó máa wọ́n, wọ́n wọ́ lọ sẹ́yìn Baba Aláṣọ. Ẹ̀yìn ọkọ mi ṣófo, àfi àwa díẹ̀. Ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá dìde lápapọ̀, wọ́n rìn lọ dúró sídìí igi máńgòrò, tó wà lẹ́yìn Àkànjí gan-an.

Baba Aláṣọ ní, "Èèwọ̀! Ọmọdé kì í tò!"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀. "A ò tò, Baba. Òòrùn ló mú wa."

Baba Àgbà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kà wọ́n. Àkànjí fìdí rẹmi.

Kí òjò tó dé, ó kó àgbá. Apá Yopougon ló rí ilẹ̀ sí, igbó ni ibẹ̀ nígbà náà, ó gbẹ́ kòtò tí epo máa dúró sí, kò jẹ́ kó sún mọ́ omi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá a lọ, tàwọn ti ìbínú. Ọdún yẹn le. Alóko ló gbé wa ró, mo din ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí apá fi ń dùn mí. Ọmọ mi padà sílé-ìwé. Igi máńgòrò náà kò kúrò, nítorí pé Baba Aláṣọ àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ò fohùn ṣọ̀kan lórí gbọ̀ngàn títí sáà rẹ̀ fi parí.

Ìsun kò tètè mọ́. Epo ti wọ ara òkúta. Lẹ́yìn ìsìn, Àkànjí á lọ dúró níbẹ̀ nínú agbádá, á máa wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn. Òjò lọ, òjò dé, òjò tún lọ. Lọ́jọ́ kan ló ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ ní kí Ìyá Alóko wá." Mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo rò pé ó ṣubú ni. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó wà nínú omi, mo ń rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí iyanrìn.

"Kì mí," ló wí.

Mo kì í. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé ibi ìkòkò dúdú láàárọ̀, á wúkọ́, á ní, "Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́, gbé e kọjá." A ń fi í rẹ́rìn-ín títí ehín fi kán lẹ́nu wa. Ayé dùn mọ́ wa nínú ilé yẹn.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ di tíṣà ní Bingerville. Nígbà tí Àkànjí kú, òun ló kọ́kọ́ dé. Kò wọlé wá. Ó gba ìsun lọ ná, ó pọn omi nínú garawa, ó gbé e rù bí ọmọdé, ó gbé e fún àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ wẹ òkú ọkọ mi. Mo wo inú garawa náà. Mo rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

A sin ín lọ́jọ́ Sátidé.